Ọdún Tí Ọlọ́yàyà Gba Pápá Bẹẹrẹ

"Òjò ní í yin ewé, ọ̀dá ní í yin gbòǹgbò." Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ apá ibi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti ń pẹ́ nílẹ̀ wa, ẹ ó ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àgbà. Ẹ tilẹ̀ lè ti fi bá ọmọ yín wí rí. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ìdí rẹ̀? Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ó lé lọ́dún kan láàárín ìdajì àkọ́kọ́ òwe náà àti ìdajì kejì, àti pé ẹnu obìnrin kan ṣoṣo ni ìdajì méjèèjì ti jáde? Níbi tí mo ń gbé lónìí, páànù ni gbogbo òrùlé, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí à ń pè ní bẹẹrẹ. Síbẹ̀, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù, ìtàn yìí ni í kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi.

Òkè-Ìyanrìn ni orúkọ ìlú náà. Ìlú kékeré ni, lórí ilẹ̀ gbígbẹ tí igi ti ń jìnnà síra wọn bí àwọn tó ń bínú. Lẹ́yìn ìlú, níhà ìlà-oòrùn, pápá bẹẹrẹ kan wà. Bẹẹrẹ ni koríko tí wọ́n fi ń bolé. Ó ga tó èjìká, ewé rẹ̀ tínínrín, ó le, kì í sì í tètè jẹrà. Òun ni wọ́n fi ń bo àká ìlú lọ́dọọdún, níbi tí gbogbo agboolé ń kó àgbàdo irúgbìn wọn sí. Irúgbìn kì í sùn nílé ẹnikẹ́ni ní Òkè-Ìyanrìn. Wọ́n ní bí irúgbìn bá ń gbọ́ igbe ọmọ tí ebi ń pa, kò ní pẹ́ tí yóò fi di ẹ̀kọ.

Ilé Olóbẹẹrẹ ló ni pápá náà. Bí ọyẹ́ bá ti mú, àgbà ilé náà ni yóò kọ́kọ́ fi dòjé gé ìtí kan. Lẹ́yìn èyí ni gbogbo ìlú yóò tó ya wọ pápá. Bí wọ́n bá gé e tán, tí wọ́n bo àká tán, àgbà ilé yìí kan náà ni yóò fi iná sí ìdí koríko tó kù nílẹ̀. Pápá á jó, á dúdú bí ìdí ìkòkò. Kó tó di pé òjò rọ̀, ọ̀mùnú tútù á ti yọrí nínú eérú. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ohun tí iná náà wà fún. Àṣà ni.

Nígbà tí ìtàn yìí ṣẹlẹ̀, ẹni kan ṣoṣo ló kù ní Ilé Olóbẹẹrẹ. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì ti kú, ó wá padà sílé bàbá rẹ̀, ó mú dòjé tí wọ́n fi há àjà. Obìnrin gíga ni, a máa rìn kíákíá bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbìkan, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Látúnjí, àbúrò Baálẹ̀, ló mú òdòdó wọ̀lú. Ó ti lọ bá wọn la títì nísàlẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Lọ́jọ́ tó dé, ó so igi tútù bíi mẹ́wàá mọ́ ẹrù rẹ̀, ó ní ẹ̀bá títì lòun ti rí wọn, ojú òun kò sì lè kúrò lára wọn. Ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ níwájú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni ń ṣọgbà. Kó tó di ọjọ́ kẹjọ, gbogbo wọn ti hu. Kó tó di oṣù kẹta, wọ́n ti ga ju ènìyàn lọ. Nígbà tí wọ́n wá tanná, òdòdó wọn tẹ́ bí àwo, ó pọ́n bí ìyeyè tó gbó. Bí ènìyàn bá gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀, ńṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n ń kí i. Nítorí náà ni wọ́n ṣe sọ wọ́n ní ọlọ́yàyà.

Ọdún náà gan-an ni òjò yíwà padà. Tẹ́lẹ̀ rí, òjò Òkè-Ìyanrìn a máa ṣe bí àna tó wá kíni: kì í tètè dé, kì í sì í pẹ́ kó tó dìde. Ṣùgbọ́n lọ́dún náà ó tètè dé, ó tẹ́ ẹní, ó jókòó. Ọdún kejì rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọdún kẹta, odò tí wọ́n ń fẹsẹ̀ là kọjá ti di èyí tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá. Iṣu ń ta níbi tí ọkà bàbà nìkan ń gbé tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú ọjọ́ ti yí padà, pé ohun tó yí padà náà kò ní bojú wẹ̀yìn mọ́. Inú ìlú dùn, ọlọ́yàyà ló sì dà bí ojú tí ayọ̀ náà fi ń rẹ́rìn-ín. Kò sí agboolé tí kò gé igi kan lọ́gbà Baálẹ̀ lọ rì sí tirẹ̀.

Lọ́dún kejì yẹn, iná tí Àwẹ̀ró dá sí pápá fò, ó sì jó ọgbà ọlọ́yàyà mẹ́ta. Ìlú bínú. Baálẹ̀ ní kò gbọdọ̀ sí iná mọ́. Àwẹ̀ró ní àṣà ni. Wọ́n dá a lóhùn pé àṣà ayé ọ̀dá nìyẹn, ayé òjò ni àwọn wà báyìí.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pa iná náà ni ọlọ́yàyà ti wọ pápá. Ó kọ́kọ́ dúró sí etí rẹ̀ bí àlejò tó ń wá ibi tí yóò gbé ẹrù kalẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ó wọ àárín. Bẹẹrẹ tó bá bọ́ sábẹ́ òjìji rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á tẹ́ sílẹ̀. Àràárọ̀ ni Àwẹ̀ró ń lọ fà á tu. Kì í ṣòro fà, ìka méjì tó o. Ṣùgbọ́n bó bá fa ọ̀kan lónìí, mẹ́wàá á ti rọ́pò rẹ̀ lọ́tùn-únla. Àtókẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń sin ewúrẹ́, bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Àwẹ̀ró, kí ni òdòdó ṣe fún ọ tí o fi ń bá a jà?"

"Mi ò bá a jà. Ọ̀nà ilé rẹ̀ ni mò ń fi hàn án."

"Ilé rẹ̀ rèé. Wo bó ṣe sanra. Àwọn ewúrẹ́ mi tó ń jẹ ẹ́ ti ń di màlúù lọ."

"Bí wọ́n bá di màlúù tán, kí o pè mí wá mu wàrà."

Àtókẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gé ẹrù ewé kan lé orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwẹ̀ró tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọdún òjò kẹrin fi parí, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin pápá ti di ti ọlọ́yàyà. Ìwọ̀nba tó kù fún bẹẹrẹ kò ju ibi tí ènìyàn lè dúró kí ó pe ẹni tó wà lódì kejì kó sì dáhùn.

Ọyẹ́ ọdún náà ni Baálẹ̀ pe ìlú jọ síwájú àká. Látúnjí ló ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ó sì sọ ọ́ dáadáa, nítorí pé ó mọ ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, títí di ìgbà wo la ó máa rin ìrìn wá koríko lẹ́yìn ìlú? Ọlọ́yàyà wà lójúlé gbogbo wa. Igi rẹ̀ gùn, ewé rẹ̀ gbòòrò. Ẹ jẹ́ ká fi bo àká, ká fi bo ilé wa. Ká sì sọ pápá yẹn di oko. Mo ṣe tán láti gbà á, kí n gbin iṣu sí i, kí n fi ọlọ́yàyà ṣọgbà rẹ̀."

Ariwo ìdùnnú sọ. Baálẹ̀ yíjú sí Àwẹ̀ró. Kì í ṣe ènìyàn líle. Ó mọ bàbá obìnrin náà, ó sì ti gun òrùlé àká pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí.

"Ìyá Olóbẹẹrẹ, o gbọ́ ohun tí ìlú ń wí. Kí ni tìrẹ?"

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Pápá yẹn ni bàbá mi fi jẹ́ ẹnìkan nínú ìlú yìí. Bí ẹ bá gbà á, kí lẹ ó máa pè mí?"

Baálẹ̀ wo ilẹ̀ títí.

"A ó fún ọ ní ọdún kan," ó wí níkẹyìn. "Máa gbádùn ìwọ̀nba tó kù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọyẹ́ ọdún tó ń bọ̀, lọ́jọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, pápá di ti Látúnjí. Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn."

Látúnjí tún bẹ àgbà obìnrin náà pé, "Ìyá, ẹ sáà bá wa yin ọlọ́yàyà díẹ̀. Ẹ wò ó bó ṣe tutù."

Àwẹ̀ró wò ó lóòótọ́. Ó tutù. Ó ń dán. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó ní, "Òjò ní í yin ewé," ó sì pa ẹnu dé.

Ìlú pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ó ti gbà. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn obìnrin sọ ọ̀rọ̀ náà di orin, òun ni wọ́n sì kọ títí wọ́n fi bo àká tán: "Òjò ní í yin ewé o, ọlọ́yàyà, òjò ti yìn ọ́." Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí. Àwẹ̀ró pàápàá kò mọ ohun tó kù níbẹ̀. Ó kàn mọ̀ pé nǹkan kan ṣì wà lọ́nà ọ̀fun òun tí kò tíì jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gé bẹẹrẹ tirẹ̀, ó fi tún òrùlé ara rẹ̀ bò. Ó ro etí pápá yí ká títí ilẹ̀ fi mọ́ bí ojú àgbàlá, kí iná má bàa fò, ó sì fi iná sí i. Nígbà tí èéfín yọ, ìlú sáré dé. Kò sí ọgbà ẹnikẹ́ni tó jó, Baálẹ̀ sì ti ní kó máa gbádùn ibẹ̀ fún ọdún kan, wọn kò rí ẹ̀sùn kankan fi kàn án. Ohun tí wọ́n rí ṣe ni pé wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Ìyá Eléérú ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ náà.

Òjò ọdún náà rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó sì lọ.

Ọlọ́yàyà ti fò sókè ní òjò àkọ́kọ́, ó yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àwọn ènìyàn sì ń fi hanra wọn. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ̀kán òjò kan kò sí, ó dorí kodò. Ewé rẹ̀ ká jọ bí ọwọ́ ẹni tó di nǹkan mú. Kò tanná rárá lọ́dún náà. Àgbàdo dúró sí orúnkún, ó yọ ọmọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Iṣu tí wọ́n gbìn sí ilẹ̀ ọkà bàbà kò tilẹ̀ yọjú. Àwọn àgbà tó ní ohun tó yí padà kò ní bojú wẹ̀yìn mọ́, wọ́n jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń wo ọ̀run.

Àwọn ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ mọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró rí i tí wọ́n ń sáré bọ̀ nínú eruku, gbogbo agbo, wọ́n gba àárín àwọn igi ọlọ́yàyà gbígbẹ kọjá láìbojú wò wọ́n, wọ́n já sí pápá rẹ̀. Àtókẹ́ ń sáré tẹ̀lé wọn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Àwẹ̀ró, má bínú, wọ́n sá mọ́ mi lọ́wọ́ ni."

"Àwọn màlúù ọ̀hún nìyí?"

"Ó dáa, bú mi. Ó tọ́ sí mi." Àtókẹ́ gbé igi sókè láti lé wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Bẹẹrẹ tó wà níwájú rẹ̀ kò ga, kò ju ìbàdí lọ, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. "Àwẹ̀ró. Kí ni koríko yìí ń mu?"

Àwẹ̀ró kò mọ̀. Àfi bíi pé wọ́n ta á ní abẹ́rẹ́. Láti ọjọ́ tó ti dáyé ló ti ń gé bẹẹrẹ, kò sì tíì bi ara rẹ̀ léèrè rí. Ó sáré gbé ọkọ́. Àwọn obìnrin méjèèjì kúnlẹ̀ sínú eruku, wọ́n ń gbẹ́ ìdí koríko kan bí ọmọdé tó ń wá òkété. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé ìgúnpá, gbòǹgbò ń lọ. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé èjìká, gbòǹgbò ń lọ, ó dì bí okùn, ilẹ̀ tó sì yí i ká níbẹ̀ tutù. Àtókẹ́ mú erùpẹ̀ náà, ó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ó lè gbà á gbọ́. Ó wá na ọwọ́ kejì, ó fa igi ọlọ́yàyà kan tó wà nítòsí. Ó já tẹ̀lé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Gbòǹgbò rẹ̀ kò gùn ju irùngbọ̀n òbúkọ lọ.

"Òkè ló ti ń jẹun," Àtókẹ́ wí.

"Iná ló sọ èyí di alágbára," Àwẹ̀ró wí. "A jó orí rẹ̀ lọ́dọọdún, kò ríbi lọ, ó ń wọlẹ̀ lọ. Iná yìí náà ni kì í jẹ́ kí igi kankan dúró bò ó lójú. Àtókẹ́, iṣẹ́ tí bàbá mi ń fi iná yẹn ṣe nìyẹn."

Ìdajì ọ̀rọ̀ tó há sí i lọ́fun sì dé sí ẹnu rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó gbé e mì, ó tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, ó mú kíkankíkan. Ikán ti jẹ òrùlé ọlọ́yàyà tó wà lórí àká láti inú, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ wá ń ṣí i láti òde. Tí ènìyàn bá dúró nínú àká, ó lè ka àwọn ẹyẹ tó ń kọjá lókè. Gbogbo àgbàdo tó kù fún Òkè-Ìyanrìn láyé sì wà nínú àká náà, ìwọ̀nba ìdì díẹ̀ fún agboolé kọ̀ọ̀kan. Bí òjò bá pa á, yóò hu níbi tó wà, yóò jẹrà, ìlú kò ní ní ohun tí yóò gbìn. Ilé wo ni wọn ì bá tún kó o lọ? Ọlọ́yàyà ni wọ́n fi bo èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tó lè bo àká náà kò sì sí níbikíbi mọ́, àfi ní pápá Ìyá Eléérú. Gbogbo wọn mọ̀. Ojú ló ń tì wọ́n. Òní ni wọn ó lọ bẹ̀ ẹ́, ọ̀la ni wọn ó lọ bẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí, wọ́n sì ń tu ara wọn nínú pé òjò ṣì jìnnà.

Gbogbo ìlú ló ń gbàdúrà fún òjò. Àwẹ̀ró nìkan ni ẹ̀rù òjò ń bà. Bó bá jí láàárọ̀, òkè ló ń kọ́kọ́ wò. Bí ojú ọ̀run bá mọ́, ó ti ní pápá fún ọjọ́ kan sí i. Lẹ́yìn náà ni yóò rántí àwọn ọmọ tí ikùn wọn ti wọlé, ojú á sì tì í.

Ọjọ́ náà dé kí ẹnikẹ́ni tó rò ó. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ àtàrí ni. Àwẹ̀ró wà ní pápá, ó ń pọ́n dòjé, ó gbọ́ tí afẹ́fẹ́ dákẹ́. Ó gbójú sókè. Níhà ìlà-oòrùn, òkùnkùn kan ti na ara rẹ̀ láti etí ayé dé etí ayé, ó ń bọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pápá. Èkejì ni àká. Kó tó mọ èyí tí yóò dìmú, ó ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀.

Gbogbo ìlú ló ń bọ̀, tọkùnrin tobìnrin, pẹ̀lú dòjé, pẹ̀lú àdá, pẹ̀lú okùn. Nígbà tí wọ́n dé etí pápá, wọ́n dúró gbọnin. Kò sẹ́ni tó gbẹ́sẹ̀ lé koríko. Àgbà Ilé Olóbẹẹrẹ kò tíì gé ìtí àkọ́kọ́. Wọ́n ti gbàgbé àṣà náà fún ọdún kan gbáko, ẹsẹ̀ wọn kò gbàgbé. Baálẹ̀ ló wà níwájú. Látúnjí wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀.

"Àwẹ̀ró."

"Baálẹ̀."

"O rí òkè."

"Mo rí i."

"Mo mọ ohun tí mo sọ. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Òjò yìí..."

"Òjò wo? Ṣé ó ti rọ̀ ni?"

Baálẹ̀ wò ó. "Kò tíì rọ̀."

"Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ lẹ dá fún mi. Bí kò bá tíì rọ̀, èmi ni mo ṣì ni pápá, dòjé sì nìyí." Ó bẹ̀rẹ̀, ó gé ìtí kan, ó dì í, ó sì gbé e lé èjìká Baálẹ̀ fúnra rẹ̀. "Ẹ ru tiyín. Ẹ̀yin yòókù, kí lẹ ń wò?"

Ìlú ya wọ pápá bí odò tó já. Dòjé ń dún ṣá, ṣá, ṣá. Àwọn tí kò ní dòjé fẹ́ fi ọwọ́ fà á tu. Látúnjí di ìdí koríko kan mú, ó fa, kò yẹ̀, ó fi gbogbo agbára fa, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀, ó sì fi ìdí jókòó. Pẹ̀lú gbogbo ìjàǹgbọ̀n tó wà nílẹ̀, ẹ̀rín pa wọ́n.

"Gé e, má fà á," Àwẹ̀ró wí, ó ju àdá kan sí i. "Ọlọ́yàyà kọ́ nìyẹn."

Wọ́n to ara wọn láti pápá dé àká, wọ́n ń gba ìtí láti ọwọ́ dé ọwọ́. Baálẹ̀ ń gbé e fún alágbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ ń gbé e fún ìyàwó ilé tó gbé ọmọ pọ̀n. Lókè àká, wọ́n ń ya ọlọ́yàyà dà sílẹ̀, ó ń ṣẹ́ bí igi ìṣáná, wọ́n sì ń di bẹẹrẹ mọ́ igi òrùlé. Àrá sán. Ojú ọjọ́ dúdú. Àwẹ̀ró kò dúró rárá, ó ń gé, ó ń dì, ó ń pariwo orúkọ ẹni tó bá ń lọ́ra. Kò rántí mọ́ pé òun ń bẹ̀rù nǹkan kan. Ìdùnnú kan tí kò mọ ibi tó ti wá ló gbé e, bíi ti ìgbà tó wà lọ́mọdé tí bàbá rẹ̀ ń gun àkàsọ̀, tó ń na ọwọ́ sẹ́yìn fún ìtí.

Ìtí kan ló kù, ti ṣóńṣó orí òrùlé, nígbà tí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ jábọ́ sí ilẹ̀, tó tóbi bí èkùrọ́. Ìjì dé tẹ̀lé e. Okùn já mọ́ ẹni tó ń dì í lọ́wọ́. Látúnjí ló wà lókè. Ó da ara rẹ̀ lé ìtí náà lórí, àyà rẹ̀ kan koríko, ó fi apá méjèèjì gbá ṣóńṣó òrùlé mọ́ra. Òjò ń lù ú lẹ́yìn bí ẹgba, kò sì jẹ́ kí ìtí náà lọ títí wọ́n fi rí okùn mìíràn fi dì í.

Wọ́n sá wọ inú àká, gbogbo ẹni tó lè gbà. Wọ́n dúró láàárín ìdì àgbàdo, omi ń kán lára wọn, wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n ń dúró kí ohun kan jò. Òjò ń rọ̀ bíi pé wọ́n ń dà á. Wọ́n dúró títí. Kò jò.

Ayọ̀ gbé Àtókẹ́ débi pé orin tó wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún tó kọjá bọ́ sílẹ̀. "Òjò ní í yin ewé o..." Ó gbọ́ ohun tó ń kọ, ó dákẹ́.

Àwẹ̀ró fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Ọ̀dá ní í yin gbòǹgbò."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Òjò nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lórí bẹẹrẹ.

Baálẹ̀ wúkọ́. "Àwẹ̀ró, òjò ti rọ̀. Ọjọ́ pé." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Mo ti sọ ọ̀rọ̀, n kò sì lè kó o jẹ. Látúnjí, gba pápá rẹ."

Látúnjí, tí omi ń ṣàn lórí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú kànga, bọ́ síwájú. "Mo gbà á, ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá Olóbẹẹrẹ, mo fún yín."

Ẹ̀rín tó bẹ́ nínú àká náà fẹ́rẹ̀ẹ́ borí òjò. Ọdún kan rèé tí ẹnikẹ́ni kò ti pe Àwẹ̀ró ní Ìyá Olóbẹẹrẹ. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yíjú sí ìdì àgbàdo kí wọ́n má bàa rí ojú rẹ̀.

Kó tó pé oṣù kan, ọlọ́yàyà ti tún hu láti inú irúgbìn tó fọ́n sílẹ̀. Ìlú gbé ọkọ́, wọ́n ní àwọn ó tu gbogbo rẹ̀. Àwẹ̀ró ló dá wọn dúró. Ó ní kì í ṣe ẹjọ́ òdòdó: kò fẹsẹ̀ rìn wá, àwọn ni wọ́n gbé e wá, àwọn ni wọ́n pa iná, àwọn ni wọ́n fi pápá lé e lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó máa ṣọgbà, kí ewúrẹ́ Àtókẹ́ máa rí i jẹ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá etí pápá. Láti ọdún náà ni iná ti padà. Látúnjí ni wọ́n sì fún ní iṣẹ́ ríro etí pápá yí ká, kí iná má bàa fò, ó sì ń ṣe é títí ó fi darúgbó.

Ìdí òwe náà nìyẹn. Àwọn àgbà ń lò ó nígbà tí ayé bá rọ̀ fún ẹnìkan tàbí fún nǹkan tuntun kan, tí gbogbo ènìyàn sì ń fi í ṣe àwòkọ́ṣe, tí wọ́n fẹ́ tìtorí rẹ̀ da ohun tó ti pẹ́ nílẹ̀ nù kí ìṣòro tó dán an wò. Wọ́n tún ń fi tu ẹni tí kò lókìkí nínú, tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ níbi tí ojú kò tó. Àgbà tó bá mọ ìtàn rẹ̀ dáadáa kì í sọ ọ́ tán. Yóò ní, "Òjò ní í yin ewé," yóò dákẹ́, yóò sì máa wò ọ́ bóyá ìwọ lè sọ èyí tó kù.